Kí Ló Yẹ Kí Á Sọ fún Ẹni Tí A Jọ Ń Sáré Ìje?

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa nínú ìwé ìrántí yìí, a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí tọmọdé tàgbà lè jókòó tì kí wọ́n sì rò ó wò. Ọ̀rọ̀ eré sísá ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò sáré rí má ṣe ṣí ewé yìí kọjá o, nítorí kò ní í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ eré yìí yóò fi di ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ àdúgbò.

Ìbéèrè náà rèé: nígbà tí ènìyàn méjì bá ń bá ara wọn díje, ǹjẹ́ ó yẹ kí ọ̀kan máa kí èkejì, kó máa bá a tàkúrọ̀sọ, kó sì máa gbà á níyànjú? Bó bá yẹ, báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe gbọdọ̀ pọ̀ tó, ìgbà wo ló sì yẹ kí á dákẹ́? Ohun méjì tí ojú wa rí nílùú yìí ló mú wa béèrè.

Èkíní ṣẹlẹ̀ ní èṣí. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan ní Maryland. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ wa, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Enugu ni wọ́n bí i sí. Èkejì jẹ́ ọmọ Ìgbò, ọmọ onílé. Ilé ìwé kan náà ni wọ́n ń lọ. Láago márùn-ún ìdájí ni wọ́n máa ń jí sáré, nígbà mìíràn ní ọjọ́ Sátidé wọn a gun òkè Milken títí wọn a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ngwo. Bí wọ́n bá padà dé, ìyá ọmọ kejì, tó ń ta okpa, ni yóò yọ okpa gbígbóná fún àwọn méjèèjì láti inú ìkòkò kan náà. Kò béèrè rí bóyá ọmọ òun ni tàbí ọmọ ẹlòmíràn.

Ìje ojú títì kan wá bọ́ sílẹ̀ nínú ìlú, àwọn méjèèjì sì forúkọ sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bàbá ọmọ wa pè é jókòó, ó ní: “Má bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà o. Ìje ni ìje ń jẹ́. Lọ́la, kò sí ọ̀rẹ́.” Ojú wa ló ṣe. A wà níbẹ̀, a rẹ́rìn-ín, a kò sì sọ nǹkan kan. Nítorí náà a kì í ṣe ẹni tó ń dá bàbá yẹn lẹ́bi láti òkèèrè; àwa náà wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí eré náà kù díẹ̀ kó parí, pajápajá mú ọmọ kejì lẹ́sẹ̀. Ó jókòó sí etí títì, ó di ẹsẹ̀ mú. Ọmọ wa dé, ó rí i, ó gbójú kúrò, ó sì kọjá. Ó gba ipò kẹta, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ẹ̀yìn ilé ni ọmọ náà gbà wọlé. Kò sí ẹni tó bá a jà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò jáde wá jẹ okpa. Lọ́jọ́ tí a tún rí ọmọ kejì, a bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ohun tó sọ fún wa ni pé òun gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ òun kó tó dé ọ̀dọ̀ òun, torí pé lójoojúmọ́ lòun ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ náà. Ó ní òun kò fẹ́ kó dúró. Òun kàn ń retí kó sọ pé “Ndo.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú yìí mọ̀ pé bí àwa bá sọ pé “Pẹ̀lẹ́,” “Ndo” ni tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Ohun kejì, àwa fúnra wa la jẹ̀bi rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Wọ́n ṣe eré ìdárayá kan, àwa náà bọ́ ṣòkòtò kúkúrú sọ́rùn ẹsẹ̀, a jáde. Lójú títì ni a bá ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ kan, ọmọ Yorùbá, tó ń sáré bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Ó kí wa pé “Ẹ káàárọ̀ sà,” ó sì tẹ orúnkún díẹ̀ lórí eré. Inú wa dùn. Ẹni tó wà lájò mọ bí ó ti ń rí bí a bá ṣàdédé gbọ́ èdè ilé. A bá bẹ̀rẹ̀: “Ìlú wo lẹ ti wá? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà nílé? Kí lẹ kà? Ibo ni wọ́n gbé yín sí?” Gbogbo ìbéèrè wa ló ń dáhùn, ó sì ń fi “sà” sí ìdí gbogbo rẹ̀. A kò kíyè sí i pé ìdáhùn rẹ̀ ti ń kúrú, pé èémí rẹ̀ ti ń gbóná. Nígbà tó yá, ó dúró, ó fọwọ́ mú ẹ̀gbẹ́, ó ń rìn. Ó tún rẹ́rìn-ín sí wa pé, “Ẹ má bínú sà, ẹ máa lọ.”

Lẹ́yìn eré ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ fún wa pé oṣù mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà fi múra sílẹ̀, kó lè sáré náà láàárín àkókò kan tó ti fi sọ́kàn. Kò rí i ṣe. Kò sì lè sọ fún wa pé kí a dákẹ́, nítorí ọmọ tí a kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Àgbà kì í bi í léèrè kó má dáhùn. Àwa rò pé ìfẹ́ là ń fi hàn. Èémí ọmọ ọlọ́mọ là ń jẹ.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì yìí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ṣe ọmọ kan léṣe, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló sì ṣe èkejì léṣe. Nítorí náà, ẹni tó ní “Ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀ ṣáá” kò tíì dáhùn ìbéèrè wa, ẹni tó sì ní “Kí oníkálùkù pa ẹnu mọ́” kò tíì dáhùn ún. A ní láti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ.

Eré kan wà tí ìbéèrè yìí ti hàn kedere ju ibòmíràn lọ, òun ni èyí tí wọ́n ń pè ní triathlon. Eré mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra: ẹni náà yóò kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, yóò jáde nínú omi gun kẹ̀kẹ́, yóò sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, yóò sì fẹsẹ̀ sáré, láìsí ìsinmi láàárín. Ní San Diego lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe èyí tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà ní 1974, ó sì wọ Òlíńpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000. Ti Òlíńpíìkì jẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kìlómítà kan ààbọ̀, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 40, àti eré ẹsẹ̀ kìlómítà 10. Èyí tó gùn jù tí wọ́n ń pè ní Ironman jẹ́ kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, àti 42.2 lórí ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń lo wákàtí 16 sí 17 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹni tó bá bá ọ rin ìrìn wákàtí 16 ti kúrò ní àjèjì, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ ara yín.

Nínú eré yìí, ọ̀nà fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣeé sọ. Nínú omi, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, nínú ọ̀pọ̀ ìdíje tí kì í ṣe ti àwọn ìlúmọ̀ọ́ká, òfin ní kí o fi àyè mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ láàárín ìwọ àti ẹni tó wà níwájú, kí o má baà máa fi ara rẹ̀ ṣe ààbò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Bí ẹni méjì bá wá ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nítorí pé wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ìtàkúrọ̀sọ náà lè di ìyà fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì lè dí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́nà. Ó di orí eré ẹsẹ̀, nígbà tí agbára ti tán tí oòrùn sì ti mú, kí ẹnu tó rí àyè. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ ẹni tó ní làákàyè.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ mẹ́ta. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ní Cozumel ní orílẹ̀-èdè Mexico, Jonny Brownlee ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà níwájú nígbà tí eré ku nǹkan bíi mítà 700. Ooru mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alistair, tí òun náà wà nínú ìje, dé bá a. Ó gbá a mú, ó gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó sì tì í kọjá ìlà òpin ṣáájú ara rẹ̀. Henri Schoeman ọmọ South Africa ti kọjá lọ gba ipò kìíní. Jonny ṣe ipò kejì, Alistair ṣe ipò kẹta. Òfin ìgbà náà gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yí òfin padà pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ gbé tàbí ti ẹlòmíràn síwájú.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ní Santander ní Spain, James Teagle ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣi ọ̀nà gbà nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin ní ipò kẹta. Diego Méntrida ọmọ Spain kọjá rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ọ̀nà ló ṣì. Ó dúró ní etí ìlà, ó jẹ́ kí Teagle kọjá. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ṣètò eré náà wá fún Méntrida ní ẹ̀bùn ipò kẹta pẹ̀lú, láti fi bọlá fún un.

Ní Òlíńpíìkì Tokyo tó wáyé ní 2021, Claire Michel ọmọ Belgium ló ṣe ìkẹyìn nínú àwọn obìnrin 34 tó parí triathlon. Ó fi ìṣẹ́jú 15 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dé lẹ́yìn Flora Duffy ti Bermuda tó gba góòlù. Ó wà nílẹ̀, ó ń sunkún. Lotte Miller ọmọ Norway, tó ti parí eré tirẹ̀ ní ipò 24, lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, ó fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ìṣírí.

Kí ni a rí kọ́? A rí i pé òfin lè di ọwọ́ àti ẹsẹ̀: ó lè ní má gbé e, má tì í. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè sọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ rere tí ẹnu yóò sọ; ìyẹn wà lọ́wọ́ ìwà. Ẹ tún kíyè sí i pé Miller kò sọ̀rọ̀ gígùn fún Michel nígbà tí Michel ń sáré lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí eré parí ló lọ jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ náà ní àkókò.

Àwọn onímọ̀ ìlera ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń wọn bí ènìyàn ṣe ń lo agbára tó, kò sì gba ẹ̀rọ kankan. Bí o bá lè sọ̀rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, eré náà mọ níwọ̀n. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mélòó kan péré lo lè sọ kí o tó mí, o ti ń lo agbára gan-an. Nítorí náà, ẹni tí eré mú kò ní èémí tí yóò pín fún àlejò. Èémí ni owó tó kù lápò rẹ̀. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè kan, mo ti ní kó mú nínú owó náà wá. Bí mo bá kí i láìbéèrè nǹkan kan, mo fún un ní nǹkan, n kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí a fi ọ̀rọ̀ wa tì sí nìyí. Ẹni tí a jọ ń sáré ní ẹ̀tọ́ sí ìkíni wa; kò sì jẹ wá ní èsì. Ìkíni ni kí á fún un, ìbéèrè ni kí á fi sílẹ̀ di ìgbà tí eré bá parí.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ǹjẹ́ àwọn bàbá wa kò ti fi èyí sínú èdè wa? Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo ohun tí ènìyàn bá ń ṣe. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹ kú ìrìn. Ẹni tó ń náwó, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tó jókòó lásán, ẹ kú ìjókòó. Bí a bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, tí a sì rí ẹni tó ń kọ ebè, “Ẹ kú iṣẹ́ o” la ó wí, a ó sì máa bá tiwa lọ. Òun yóò ní “Ooo” láìgbé orí sókè, ọkọ́ rẹ̀ kò sì ní í dúró. A kò ní í dá a dúró láàárín ebè láti bi í pé ọmọ mélòó ló bí. Ìkíni wa ti sọ gbogbo ohun tó yẹ: mo rí ọ, mo mọ̀ pé ohun tí ò ń ṣe le, mo sì bá ọ fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá kọjá láìkí i, aláìlẹ́kọ̀ọ́ la ó pè é. Ẹni tó bá sì dúró gbá a lọ́rọ̀ mú títí oòrùn fi mú u, kí la ó pè é?

Ẹnìkan lè wí pé, “Àgàbàgebè ni èyí. Báwo ni n ó ṣe máa fẹ́ borí ẹnì kan, kí n tún máa sọ fún un pé kó má rẹ̀wẹ̀sì?” Ìbéèrè ńlá ni, a kò fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Èsì wa ni pé ohun méjì ni wọ́n. Mo fẹ́ borí rẹ kò túmọ̀ sí pé mo fẹ́ kí o ṣubú. Bí o bá ṣubú, n kò borí rẹ. Mo kàn kọjá lára ẹni tó ṣubú ni. Ẹni tí mo bá borí nígbà tí agbára rẹ̀ pé ni mo lè sọ pé mo borí. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ fún akẹgbẹ́ rẹ̀ pé kó mú ara le kò ta eré tirẹ̀ dànù. Ìníyì eré náà ló ń dáàbò bò.

Ẹ rántí àwọn ọmọbìnrin wa ní Atlanta ní 1996. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, Falilat Ogunkoya àti Fatima Yusuf jọ wà nínú àṣekágbá eré mítà 400, oníkálùkù ní ojú ìlà tirẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn díje. Ogunkoya gba idẹ. Yusuf kò gba nǹkan kan. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Bisi Afolabi àti Charity Opara jọ sáré ìgbé-ọ̀pá-fúnra-ẹni mítà 400 lọ́nà mẹ́rin, wọ́n sì gba fàdákà fún Nàìjíríà. Ẹni tí ò ń bá díje lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò na ọ̀pá sí ọ lọ́la. Bí o bá ti fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ gún un lọ́kàn, ọwọ́ wo lo fẹ́ fi gba ọ̀pá náà?

Ṣùgbọ́n a gbà pé ìkíni kan wà tó jẹ́ ọfà. Àwọn kan máa ń sún mọ́ ẹni tó ń sáré, wọn a ní, “Áà, ó ti rẹ̀ ọ́ o! Ojú rẹ ti pọ́n! Rọra o, kí o má ṣubú o!” Bí àánú ló dún, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni wọ́n ń gbìn sí i lọ́kàn. Òmíràn a ní, “O kù díẹ̀, o ti dé,” nígbà tí òkè méjì ṣì wà níwájú. Irọ́ ni, kódà bó jẹ́ irọ́ onínúure. Bí ẹni náà bá gun òkè kìíní tí kò rí òpin, ọkàn rẹ̀ yóò já. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀rọ̀ ìṣírí gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. “O ń ṣe dáadáa” tó bí o bá ń ṣe dáadáa. Bí o kò bá ṣe dáadáa, “Pẹ̀lẹ́” kì í parọ́ láéláé.

Ó wá ku apá kan tó kan àwa tí a wà lájò. Ìlú tí a wà yìí, ìlú ẹlòmíràn ni. Èédú ló mú kí Enugu di ìlú ńlá, ọkọ̀ ojú irin tó wá ń kó èédú náà kò sì wá pẹ̀lú ọmọ onílé nìkan. Láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí, àwọn èèyàn wa ń bá onílé jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń tajà ní Ogbete, àwọn ọmọ wa jọ ń jókòó sórí àga kan náà ní ilé ìwé, wọ́n sì jọ ń du ipò kìíní. Ìdíje ni, ẹ má jẹ́ kí á tan ara wa. Ẹni tó bá rántí 1977, nígbà tí Rangers ti Enugu àti Shooting Stars ti Ìbàdàn pàdé nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, tí Rangers sì borí tó sì gba ife náà, yóò mọ bí ó ti ń rí kí á jẹ́ Yorùbá kí á sì máa gbé ní Enugu ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè na ọwọ́ sí aládùúgbò rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ pé “Ẹ kú oríire” ti sáré kan tí kò sí àmì ẹ̀yẹ fún.

Nítorí èyí, a ní ìmọ̀ràn méjì fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ń sáré pẹ̀lú ọmọ onílé, ẹ fi èdè tó gbọ́ kí i. “Jisie ike” kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, ohun tó sì ń sọ ni pé kó mú ara le. Ẹni tó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu àlejò lórí òkè tó ti ń rẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ yóò le lóòótọ́. Èkejì, bí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá méjì bá ń sáré lọ tí ẹnìkẹta tí kò gbọ́ èdè wa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má ṣe máa sọ Yorùbá lé e lórí. Bí ẹ kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò rò pé ète ni ẹ ń pa. Èdè wa dára, ṣùgbọ́n kò dára kí á fi ṣe ògiri ti ẹlòmíràn síta. Inú ilé wa lẹ ti lè sọ ọ́ tẹ́rùn, kódà ẹ kò sọ ọ́ tó níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, tiyín wà níbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí a bá sọ fún ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìje, òun ni yóò gbé lọ. Bí a bá ní “Kò sí ọ̀rẹ́ lọ́la,” yóò gbà wá gbọ́, kò sì ní í mọ ọjọ́ tí “ọ̀la” náà yóò parí. Ó sàn kí á wí fún un pé: “Sáré tọkàntọkàn. Má dúró de ẹnikẹ́ni bí kò bá sí ewu. Bí ewu bá wà, dúró kí o pe àwọn olùtọ́jú. Ẹni tí o bá kọjá, kí i. Ẹni tó bá kọjá rẹ, kí i. Má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí èémí rẹ̀ ń gbóná. Bí wọ́n bá kí ọ tí o kò lè dáhùn, gbé ọ̀wọ́ sókè, ó tó.” Ẹ̀yin àgbà tí ẹ sì tún ń sáré bíi tiwa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé mọ̀ pé a kò ní í kà á sí àfojúdi bí wọn kò bá dá wa lóhùn lórí eré. Ọ̀wọ̀ tó gba èémí lọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ọ̀wọ̀ mọ́.

Kí á tó kógbá wọlé, ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjèèjì ṣe parí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bàbá ọmọ wa tó mú un lọ́wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà kejì, àwa náà sì tẹ̀ lé wọn, torí ẹ̀rín tí a rín lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní òun ló kọ́ ọmọ náà ní ohun tó ṣe. Ìyá olókpa wò wá títí, ó ní kí a jókòó. Kò ní kò burú, kò sì ní ó burú. Ó kàn yọ okpa.

Wọ́n ti tún ń sáré láàárọ̀ báyìí. A máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn láago márùn-ún bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn tó sì fẹ́ kọjá yóò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ wa a ní “Jisie ike.” Èkejì a ní “Kú iṣẹ́.” A kì í gbọ́ èsì. Ẹsẹ̀ wọn nìkan la tún ń gbọ́, tó ń lọ.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí èémí wa tán lójú ọ̀nà. Kí ó fún wa ní ẹni tí yóò kí wa nígbà tí òkè bá ga, kí ó sì fún àwa náà ní ẹnu tí a ó fi kí ẹlòmíràn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí ẹsẹ̀ wa gbé wa délé láyọ̀. Ẹ kú ọdún o.